Ẹrù Tó Wà Lórí Yàrá Àwọn Ọmọdé

Ní ọjọ́ tí ẹ̀bùn náà dé, Ìyá Àwòrán kò lè jókòó. Àtàárọ̀ ló ti dúró lójú fèrèsé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tó ń yọjú wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò láti òkè òkun. Àwọn òǹkàwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé òun ni olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ìgbafẹ́ ní ilé ìkàwé ìjọba. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìwé àwòrán yíyà wà, ìwé fọ́tò, ìwé orin, ìwé ilé kíkọ́, ìwé aṣọ rírán, títí dórí ìwé bọ́ọ̀lù, ìwé ijó, ìwé lílúwẹ̀ẹ́ àti ìwé ṣẹ́ẹ̀sì. Gbogbo òkè ni ẹ̀ka rẹ̀ gbà. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ibi tó ń jókòó sí gan-an, ni yàrá àwọn ọmọdé wà, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì ń bójú tó ibẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Àwòrán ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tuntun. Àwọn tó wà nílẹ̀ ti gbó kọjá àlà. Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gìtá, àárín rẹ̀ ti já lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá yá a á mọ bí wọ́n ṣe ń gbé gìtá sọ́wọ́, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe láàárín méjèèjì. Nígbà tí ayafọ́tò àgbà kan wá kú, tí ìyàwó rẹ̀ sì ní òun fẹ́ kó gbogbo ìwé olóògbé fún ilé ìkàwé, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ayafọ́tò yẹn kì í ra ọkọ̀, kì í ra ilẹ̀. Ìwé ló ń rà. Ibikíbi tó bá rìnrìn àjò dé, ìwé ńláńlá ló ń gbé bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi bébà dídán tẹ̀, tí ènìyàn kò lè fi ọwọ́ kan gbé.

Àwọn aláàárù tó gbé e gun àtẹ̀gùn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀kan nínú wọn sọ páálí tirẹ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé ni èyí àbí búlọ́ọ̀kù?"

"Ìwé ni," Ìyá Àwòrán dáhùn. "Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ló ń wọ̀ yín lọ́rùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sísàlẹ̀ lọ gbé òmíràn.

Ọ̀gá ilé ìkàwé gòkè wá wò ó. Ọkùnrin tútù ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Nítorí pé "díẹ̀díẹ̀" ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo, Baba Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Òun ló gba Ìyá Àwòrán síṣẹ́ nígbà tí kò tíì lọ́kọ, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà, bí a ṣe ń to ó, àti bí a ṣe ń mọ èyí tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé kan bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

"Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé fẹ́ ti òkè yìí pa lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní. "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí wọ́n wá tì í nísinsìnyí ká wò ó."

"Níbo la máa kó wọn sí, sà? Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ti kún."

"Àárín. Ẹ gbé àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ká to pẹpẹ sí àárín."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ yọ àwọn tó ti gbó kúrò?"

"Má yọ ìkankan. Iye ìwé ni ìgbìmọ̀ máa ń bèèrè, wọn kì í ṣí i wò. Jẹ́ kó pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n to pẹpẹ irin sí àárín yàrá, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, Ìyá Àwòrán sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn ìwé ńláńlá náà sórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin sẹ́nu. Àwọn tí kò gun àtẹ̀gùn yẹn rí bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Olórí ẹgbẹ́ akọrin kan wá, kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá, aránṣọ kan kó gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn wá wo àwòrán aṣọ àtijọ́. Bàbá kan tó ti ń yàwòrán ilé kó tó fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá ta ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò tilẹ̀ rántí ayò tó wà níwájú rẹ̀ mọ́; ìwé ilé kíkọ́ ló gbé sórí itan látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọlanke kékeré tí wọ́n fi ń kó ìwé kiri ló kọ́kọ́ já a láyà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ ní ọ̀sán kan, ó yíjú dá ẹnì kan lóhùn. Nígbà tó máa fi wo ẹ̀yìn, ọmọlanke ti wà láàárín àwọn pẹpẹ. Ó rò pé ẹnì kan ló tì í. Ó lọ fà á padà, ó gbé e síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì dúró ń wò ó. Ọmọlanke náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, jẹ́jẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń han wín-ín, wín-ín, títí ó fi lọ kọlu pẹpẹ àárín. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn á ti ní iwin ni. Ìyá Àwòrán bẹ̀rẹ̀, ó gbé pẹ́ńsù kan sílẹ̀, pẹ́ńsù náà sì yí gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ilẹ̀ yàrá náà ti ń tẹ̀.

Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tí àbúrò rẹ̀ fi gòkè wá bá a. Àbúrò yìí ló kéré jù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, ó lẹ́nu bí abẹ, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọdé inú yàrá rẹ̀ débi pé ó mọ eyín ta ló ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí lẹ ń lọ̀ lókè níbí? Ẹ wá wo nǹkan funfun tó ń dà sórí tábìlì mi. Bí mo bá ti nù ún tán, á tún dà."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Eruku ẹfun bo àwọn tábìlì kékeré náà, ọmọ kan sì ti fi ìka ya ilé sínú rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ìyá Àwòrán gbójú sókè. Ìlà kan wà lára àjà, ó tín-ín-rín bí irun, ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, ó sì ń bọ̀ ní àárín.

"Ìgbà wo nìyẹn ti wà níbẹ̀?"

"Èwo?"

"Ìlà yẹn."

Àbúrò rẹ̀ wò ó fìrí. "Ilé àtijọ́ nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí ara rẹ̀ máa dán ni?"

Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì bínú. Ó rán Baba Kọ́kọ́rọ́ sí i. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé náà, tó máa ń so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé ènìyàn á ti gbọ́ ọ kó tó rí i. Ó gun àkàbà, ó rẹ́ ojú ibi tó sán, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó mọ́ rekete. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà gbẹ tí ìlà náà tún jáde lára rẹ̀. Ó ti gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, òmíràn sì ti yà lára rẹ̀. Lókè, ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gbọ́ orin kò ṣeé tì mọ́. Ó ń ha ilẹ̀. Nígbà tí òǹkàwé púpọ̀ bá ń rìn lọ láàárín pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Àwòrán máa ń rí omi inú ife rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó wá di pé kò lè gbájú mọ́ iṣẹ́. Bí ó bá ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ìwé lẹ́yìn, etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn tí àbúrò rẹ̀ ń kà fún wọn.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ bàbá ayàwòrán-ilé. Bàbá náà dìde nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ó rìn yí pẹpẹ àárín ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú wo ilẹ̀ látẹ̀gbẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà yàrá àwọn ọmọdé. Nígbà tó padà dé, ó wá síbi tábìlì Ìyá Àwòrán, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwọn tó kọ́lé yìí kọ́ òkè fún ọ́fíìsì," ó ní. "Tábìlì àti àga ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìwọ wá gbé òkè ńlá kan lé e ní àárín, níbi tí kò ti lágbára."

"Ṣé ó máa wó, sà?"

"Bí ó bá jẹ́ ilé mi ni, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi jókòó sábẹ́ rẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá fi sùúrù gbọ́ wọn tán. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ẹnjiníà ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn máa wá lẹ́yìn ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi ṣí àwọn ìwé olóògbé náà fún aráyé. Ìyàwó olóògbé ń bọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ń bọ̀, oníròyìn ń bọ̀.

"Obìnrin yẹn ti sọ ọ́ fún mi," ọ̀gá ní, "pé bí òun bá dé tí òun kò rí ìwé ọkọ òun lórí pẹpẹ, òun máa kó o lọ sí yunifásítì. Bí ó bá kó o lọ, wọ́n á ti òkè pa. Bí wọ́n bá ti òkè pa, ìsàlẹ̀ ló kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ayẹyẹ yìí tán. Díẹ̀díẹ̀."

"Ilé kì í wó díẹ̀díẹ̀, ọ̀gbẹ́ni," bàbá ayàwòrán-ilé sọ.

"Ẹ ti fẹ̀yìn tì, sà," ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ lọ máa gbádùn ara yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá náà kò ti wá ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní ilé Ìyá Àwòrán níbi tí ìyá wọn ń gbé, òun àti àbúrò rẹ̀ takò ara wọn. Ìyá Àwòrán ní kí àbúrò òun kó àwọn ọmọ lọ sí ibòmíràn títí ọ̀rọ̀ yìí á fi lójútùú. Àbúrò ní ibo ni ibòmíràn, ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ó ní láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n òun ti ń rí ikú níbi tí ẹlòmíràn ti ń rí òjìji. Pé bí wọ́n bá ń sọdá títì nígbà yẹn, ńṣe ló máa ń di òun lọ́wọ́ mú títí ọwọ́ òun á fi kú.

"O ò sì kú sórí títì," Ìyá Àwòrán ní.

"Ọkọ̀ kankan ò bọ̀ ni."

Ìyá wọn, tó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn lórí àga, la ojú kan. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹni tó bẹ̀rù àti ẹni tí kò bẹ̀rù, èmi ni mo bí yín."

Àbúrò rẹ̀ gbé báàgì, ó lọ. Àárín wọn kò gún mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, "ẹ káàárọ̀, mà" ni àbúrò máa ń kí i, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àwòrán ro ohun kan. Wọn kò gbà kí ó yọ ìwé kúrò. Wọn kò gbà kí ó kó o lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má yá ènìyàn ní ìwé; kí ni wọ́n kọ́ ilé ìkàwé fún? Òun ló sì ní àṣẹ lórí iye tí ẹnì kan lè yá ní ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ sí ìpàdé kan ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí ó ti jáde ni Ìyá Àwòrán gbé fóònù.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá yá ìwé. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, gbogbo wọn."

"Ṣé ìwé bọ́ọ̀lù tuntun dé ni?"

"Bọ́ọ̀lù kọ́. Ìwé àwòrán ni, àwọn ńláńlá."

"Kí ni agbábọ́ọ̀lù máa fi ìwé àwòrán ṣe, mà?"

"Kí wọ́n máa wò ó. Kóòṣì, ẹ ṣáà bá mi kó o. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan."

Wọ́n wá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó nípọn lápá gbé ìwé àwòrán àti ìwé fọ́tò sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Aránṣọ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin wá. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán fi ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kó tirẹ̀. Àárín ni Ìyá Àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, ó ń mú èyí tó wúwo jù, ó ń lù ú ní òǹtẹ̀, ó ń nà án sí wọn. Nígbà tí pẹpẹ àárín ṣófo, ó gbé ọmọlanke sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wò ó. Ọmọlanke náà ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ó rọra ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì dúró kó tó dé ibi pẹpẹ. Nísàlẹ̀, eruku ẹfun dáwọ́ dúró. Ìyá Àwòrán sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá dé láti ìrìn àjò, ó gòkè, ó dúró láàárín àwọn pẹpẹ òfìfo. Ó kọ́kọ́ rò pé olè ló jà wọ́n. Nígbà tí Ìyá Àwòrán ṣàlàyé, kò pariwo. Ó jókòó sórí àga òǹkàwé, ó sì bo ojú.

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́," ó ní. "Èmi ni mo bá ọ dé ibi tó o dé. O dúró kí n yíjú, o wá tú ilé mi ká."

"Àwọn ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, sà."

"Ilé yìí ti wà kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Lọ sinmi nílé. Bí ayẹyẹ bá ti kọjá, a óò mọ ohun tí a máa ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ."

Ó lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù gbé fóònù, wọ́n ń pe kóòṣì, wọ́n ń pe aránṣọ, wọ́n ní kí kálukú dá ìwé padà kíákíá. Àwọn kan kò tètè rí tiwọn kó jọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló padà. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń gbé lórí pẹpẹ, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wà nílé. Nítorí náà, wọ́n ń kó o jọ sílẹ̀, láàárín yàrá, kí wọ́n lè rójú tò ó.

Baba Kọ́kọ́rọ́ ló pè é lórí fóònù ní ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

"Ìyá Àwòrán, wọ́n ti kó o dé o. Wọ́n kó o lé ara wọn bí ẹni da yanrìn sílẹ̀. Nǹkan kan ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo ń gbá ibẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Dún báwo, bàbá?"

"Bí ẹni ń rún eegun."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má gòkè mọ́."

"Iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Ọ̀la ni àlejò ń bọ̀. Ta ló máa bá ọ̀gá tò ó?"

Kò dúró wọ bàtà tó dáa. Ó kó bébà àti pẹ́ńsù tó rí nínú ilé sínú àpò, ó wọ ọkọ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ohun tó ń rò ni bí òun ṣe máa sọ ọ́. Bí ó bá wọlé tó sì pariwo, wọ́n á mú un jáde. Bí ó bá bẹ àbúrò rẹ̀, á kọ etí ikún sí i. Nígbà tó dé, àwọn ọmọ ti kúrò ní ilé ìwé, wọ́n sì ti kún yàrá náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án, wọ́n jókòó sórí ẹní, àbúrò rẹ̀ wà lórí àga kékeré níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àjà tó wà lórí wọn ti wú sísàlẹ̀ bí ikùn aláboyún. Ó yà á lẹ́nu pé kò sí ẹni tó gbójú wò ó.

"Ẹ̀yin ọmọ," Ìyá Àwòrán sọ, ó sì fi ẹ̀rín sójú, "ta ló mọ àwòrán yà jù níbí?"

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

"Irọ́ ni. Mo fẹ́ rí i. Ẹ bọ́ síta, kí kálukú ya ilé ìkàwé yìí láti ìta. Ẹni tí tirẹ̀ bá dáa jù, a óò gbé e kọ́ fún àwọn àlejò ọ̀la."

Àwọn ọmọ ti dìde. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ le. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ṣe níbí? Wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó sílé."

"Ìgbà díẹ̀ ni. Jẹ́ kí wọ́n yà á. Bí wọ́n bá yà á tán, mo máa lọ, mi ò sì ní bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láyé mi."

Bóyá nítorí ìlérí yẹn ni, bóyá nítorí pé àwọn ọmọ ti ń sáré jáde, àbúrò rẹ̀ pa ìwé dé, ó sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sọdá àgbàlá, wọ́n jókòó sórí koríko lábẹ́ igi tó wà nítòsí géètì. Ìyá Àwòrán ń pín bébà, ó ń kà wọ́n lórí, ó ń tún wọn kà. Láti ibẹ̀, ó ń rí ọ̀gá lójú fèrèsé òkè, òun àti Baba Kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń nà ró, tí wọ́n ń gbé ìwé.

Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sórí tábìlì, òun kò rí ilé náà yà.

"Má sunkún," àbúrò rẹ̀ ní. "Mo ń bọ̀."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ìyá Àwòrán rí i. Ó la ẹnu, kò pè é. Àbúrò rẹ̀ wọlé.

Kò dún bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ilé tó ń wó máa ń dún. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ẹnì kan fa aṣọ tó nípọn ya. Ọ̀gá gbójú sókè lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì lábẹ́ koríko, ìró kan sì jáde tó bo gbogbo ìró mìíràn, eruku funfun tú jáde láti ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ kò sunkún. Pẹ́ńsù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bébà ìwé tó já ń fò bọ̀ láti inú eruku náà, ó ń bọ́ sórí koríko jẹ́jẹ́.

Ìyá Àwòrán kò mọ bí òun ṣe sọdá àgbàlá. Nínú yàrá àwọn ọmọdé, òkìtì ńlá ló wà níbi tí ẹní wà, irin, kọnkéré àti ìwé, àwọn ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ nọ́ńbà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wú u. Àwọn ènìyàn sá wọlé láti títì, wọ́n bá a wú u. Wọ́n bá àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, lábẹ́ tábìlì kan tó ti ṣẹ́, ó ń mí. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ pẹpẹ irin. Àwọn panápaná ló gé irin náà kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn ni wọ́n tún gbé àkàbà lọ gbé ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀: ẹnu ọ̀nà yàrá orin ló sá dé, àṣẹ́kù ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju àga lọ. Baba Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ òkìtì náà ní àárín. Ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ ibi tó wà, nígbà tí wọ́n ń gbé òkúta kúrò. Ó ti kú.

Kò sí ọmọ kan tó farapa.

Wọ́n ṣe ìwádìí. Ọ̀gá dúró níwájú wọn, ó ní gbogbo ohun tó yẹ kí òun gbọ́ ni wọ́n sọ fún òun, àtẹni tó fẹ̀yìn tì àtẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́, òun ni kò gbà á. Kò fi ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n gba ilé kan tí kò ní òkè fún ilé ìkàwé, wọ́n sì ní kí Ìyá Àwòrán wá máa ṣe olórí ibẹ̀. Ó gbà á. Àwọn ènìyàn ń kí i lójú ọ̀nà, wọ́n ń ní òun ló gba àwọn ọmọ là. Ìyàwó Baba Kọ́kọ́rọ́ náà wá kí i. Ọjọ́ yẹn ni kò lè gbé ojú sókè.

Àbúrò rẹ̀ pẹ́ ní ọsibítù. Wọ́n gé apá náà. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọlé wá, á kọjú sí ògiri. Ìyá wọn ní ìrora ni. Ìyá Àwòrán ń wá lójoojúmọ́ síbẹ̀, á jókòó, á lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, láìkọjú sí i, àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ rí mi."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tí mò ń padà wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sọ fún mi pé ẹ ń wò mí. Ẹ mọ ohun tó wà lórí àjà yẹn. Ẹ rí mi, ẹ ò pè mí."

Ìyá Àwòrán ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ó ti múra irọ́ sílẹ̀ fún un, irọ́ tó dáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé, kò rí i sọ.

"Mo rí ọ," ó ní. "Mo rò pé bí mo bá pè ọ́, bí mo bá tún sọ ọ̀rọ̀ àjà lẹ́ẹ̀kan sí i, o máa bínú, o máa kó gbogbo àwọn ọmọ padà sínú. Mo wò ọ́, mo wo àwọn ọmọ. Mo dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó tan iná, ó lọ.

"Ǹ bá kó wọn padà lóòótọ́," àbúrò rẹ̀ sọ nígbà tó pẹ́. "Ẹnu mi ti kún fún un."

Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó jáde ní ọsibítù, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ, nítorí pé kò lè dá gbé. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi ìwẹ̀ fún òun, kò fẹ́ kí wọ́n di bàtà fún òun. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ń bú pẹ́ńsù náà lábẹ́lẹ̀, ìyá wọn sì ń bá a bú u. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó fẹ́ padà síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú bùláòsì tó ṣí sílẹ̀. Ìyá Àwòrán dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń de àwọn bọ́tìnnì náà lọ sísàlẹ̀. Ó ń yára.

"Ẹ rọra," àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ ti fo ọ̀kan."